Kí la máa kọ lọ́la? Ìtàn ìbéèrè tó ti ń dààmú oníṣòwò kó tó di pé a bí wa

Thread gígùn nìyí o. Ẹ bu omi sítòsí. 🧵

Ọdún 1900, ilẹ̀ Faransé. Gbogbo mọ́tò tó wà ní orílẹ̀-èdè náà kò tó 3,000. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì kan wà, André àti Édouard Michelin, tí wọ́n ń ṣe táyà nílùú Clermont-Ferrand. Lọ́dún yẹn, wọ́n tẹ ìwé kékeré kan jáde. Ẹ̀dà mélòó? 35,000. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń pín in.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ ná. Mọ́tò kò tó 3,000, ìwé jẹ́ 35,000. Ká ní àdúgbò wa ni, wọn á ti máa wá pásítọ̀ tó máa gbàdúrà fún wọn.

Kí ló wà nínú ìwé náà? Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá kọ síbẹ̀: táyà wa ló dáa jù, ẹ tètè wá rà á, ó ti fẹ́ tán. Àwọn yìí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ya àwòrán ọ̀nà sínú ẹ̀. Wọ́n kọ bí èèyàn ṣe lè fọwọ́ ara ẹ̀ pààrọ̀ táyà tó bá jò. Wọ́n kọ ibi tí èèyàn ti lè rí epo rà, ibi tí mẹkáníìkì wà, àti hòtẹ́ẹ̀lì téèyàn lè sùn sí tílẹ̀ bá ṣú u sọ́nà.

Ìdí ẹ̀ rèé: táyà tí kò kúrò nílé kì í jẹ. Ẹni tó bá ní mọ́tò nígbà yẹn, ọ̀nà ló ń bà á lẹ́rù. Tó bá kú sójú títì ńkọ́? Níbo ni n ó ti repo? Ta ló máa bá mi tún un ṣe? Tí ìwé kan bá dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn, olúwa ẹ̀ á wa mọ́tò lọ sọ́nà jíjìn. Tó bá ti ń lọ jìnnà, táyà á jẹ. Tí táyà bá sì ti jẹ… ẹ ti mọ ìyókù.

Ogún ọdún ni wọ́n fi pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ìtàn tí ilé iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ máa ń sọ ni pé lọ́jọ́ kan, André wọ ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ táyà kan, ló bá rí i pé ìwé òun ni wọ́n fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tí kò dúró dáadáa. Ó dùn ún. Láti 1920 ni wọ́n ti ń tà á, fránkì méje. Lọ́dún 1926 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìràwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ilé oúnjẹ tó dáa. Bẹ́ẹ̀ ni o, ìràwọ̀ Michelin tí ẹ máa ń gbọ́, tí àwọn agbọ́únjẹ ńláńlá ní Paris àti Tokyo ń torí ẹ̀ sunkún, ọwọ́ àwọn oníṣòwò táyà ló ti wá. Nítorí pé wọ́n ń wá nǹkan kọ!

Kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ táyà? Iṣẹ́ mi ni. Mo máa ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké kọ̀wé sórí blog wọn àti sójú ewé wọn. Ẹni tó ń ta àdìrẹ, ẹni tó ń ta èlùbọ́ àti ata gbígbẹ, ẹni tó ń rán báàgì. Bó bá ti di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìbéèrè kan náà ló máa ń wọlé sórí fóònù mi: "Kí la máa kọ lọ́la?"

Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ kú oṣù tuntun. Ẹ kú ọjọ́ Ajé. Ọ̀nà mẹ́wàá tí ẹ lè fi ṣàṣeyọrí, èyí tí ẹnìkan kọ, tí ẹlòmíì dà kọ, tí ẹ̀rọ wá ń kọ fún gbogbo wa báyìí, tí ẹni tó ń ta búrẹ́dì àti ẹni tó ń ta páìpù omi jọ ń gbé ọ̀rọ̀ kan náà síta lọ́jọ́ kan náà.

Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Ṣùgbọ́n owó ni. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta, tí mò ń pè ní Mọ̀mí, bi mí nígbà kan pé, "Ọmọ mi, post ẹ kú oṣù tuntun tí a gbé síta yìí, ta ló torí ẹ̀ ra aṣọ?" Wọn ò bínú, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni. Owó tí wọ́n ń san fún mi, inú ojú owó ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Owó dátà náà wà níbẹ̀. Iye aṣọ funfun tí wọn ìbá fi ra kún ọjà ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Ìbéèrè tó yẹ kó ní ìdáhùn ni.

Ìdí tí mo fi lọ ń ka ìtàn nìyẹn. Mo ní kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ní ọjà láti tà, a ò sì lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí kò mọ ohun tó máa kọ.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ John Deere, àwọn tó ń ṣe ohun ìtúlẹ̀. John Deere fúnra ẹ̀ kú ní 1886. Ní 1895, ilé iṣẹ́ náà, tó wà ní ìlú Moline ní Illinois, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan tí wọ́n pè ní The Furrow. Ká ní èdè wa ni, Poro là bá pè é. Poro tó wà láàárín ebè méjì, ibi tí àgbẹ̀ ń gbà rìn nínú oko ẹ̀.

Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an. Wọn ò pè é ní "Irin John Deere." Orúkọ ohun tí àgbẹ̀ ń rí lójoojúmọ́, ohun tí ọ̀kọ́ ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ oko ló sì wà nínú ẹ̀: báwo ni èèyàn ṣe ń tọ́jú ilẹ̀, kí ni àgbẹ̀ ibòmíì ń ṣe tó yàtọ̀, kí ló lè mú kí irè oko pọ̀ sí i. Nígbà tó fi máa di 1912, ìwé náà ti ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Títí di òní yìí wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé oníṣòwò tó bá ń kọ nípa ọjà ẹ̀ nìkan, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Irin mélòó ló wà lára ohun ìtúlẹ̀? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oko kì í tán. Òjò ń bọ̀, ọ̀dá ń bọ̀, kòkòrò ń bọ̀. Ohun tí kọ́sítọ́mà fẹ́ fi ọjà yẹn ṣe ló ní ọ̀rọ̀ nínú.

(Ẹ̀yin tó fẹ́ràn òwe, ẹ gbọ́ eléyìí. Benjamin Franklin, òǹtẹ̀wé ní Philadelphia, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kàlẹ́ńdà kan ní 1732, Poor Richard's Almanack. Nínú ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀, ó ní àwọn àyè kékeré tó ṣẹ́kù sáàárín àwọn ọjọ́ pàtàkì, òwe lòun fi kún un. Òun náà sọ pé kì í ṣe òun lòun ni gbogbo ọgbọ́n yẹn, ọgbọ́n àtijọ́ láti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi èèyàn ni. Bíi 10,000 ẹ̀dà ló ní òun ń tà lọ́dún. Àyè tó ṣófo ló fi pawó! Àwa tí òwe kún ilé wa bámúbámú ńkọ́?)

Ó tún ku ẹnìkan ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ tí ìtàn ẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1897, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pearle Wait ní ìlú Le Roy, ní ìpínlẹ̀ New York, ṣe oúnjẹ aládùn kan tó máa ń dì, tó sì máa ń gbọ̀n rìrì nínú àwo. Jell-O ni wọ́n pè é. Ọjà kò tà. Ní 1899, ó gbé e fún aládùúgbò ẹ̀, Orator Woodward, ní $450. Kò tètè tà lọ́wọ́ ìyẹn náà.

Kí ló fà á? Àwọn èèyàn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe ni. O bá ìyẹ̀fun aláwọ̀ pupa nínú páálí, kí lo fẹ́ ṣe é? Ṣé mímu ni, ṣé jíjẹ ni? Ní 1904, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé ìdáná kékeré kiri ilé lọ́fẹ̀ẹ́: bó o ṣe máa pò ó, ohun tó o lè fi sí i, bó o ṣe máa gbé e kalẹ̀ fún àlejò. Nígbà tó fi máa di 1906, ọjà tí wọ́n ń tà lọ́dún ti sún mọ́ mílíọ̀nù kan dọ́là.

Mo rántí oníbàárà mi tó ń ta èlùbọ́ nígbà tí mo ka eléyìí. Ẹ mọ bí àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston ṣe máa ń ra èlùbọ́, tí wọ́n á gbé e dání, tí wọ́n á máa wò ó? Ìyá wọn ló ń ro ó nígbà tí wọ́n wà nílé. Àwọn ò mọ ìgbà tí omi hó tó, wọn ò mọ ìdí tí àmàlà wọn fi ń di kókó. Ẹni tó bá fún wọn ní èlùbọ́ láìsọ bí wọ́n ṣe ń rò ó, ìdajì ọjà ló tà fún wọn. Post tí a kọ lórí "kí ló dé tí àmàlà mi ń ṣe kókó" ni àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn títí di ìsinsìnyí. Kò sí àwòrán ẹlẹ́wà kankan níbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ omi àti orógùn ni.

Ó dáa. Kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé òyìnbó ló kọ́ wa. Ọjà ti wà nílẹ̀ wa, ìpolówó sì ti wà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ẹni tó ń kiri ọjà láàárọ̀. Ẹlẹ́kọ ò ní sọ fún ẹ pé òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ogún ọdún. Ó máa sọ pé ó gbóná, torí òun ló mọ̀ pé o fẹ́ mọ̀. Alágbo á dárúkọ àìsàn kí ó tó dárúkọ egbò. Àwọn ìyá wa ti mọ ìbéèrè tó wà lọ́kàn ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì máa ń fi ìdáhùn ẹ̀ kọrin kí onítọ̀hún tó lanu. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní yunifásítì. Èmi tí wọ́n kọ́ ní yunifásítì ni mo wá ń fetí sí wọn.

Nígbà tí ìwé títẹ̀ dé náà, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròhìn jáde l'Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá, 1859. Ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ ìjọ ni, ọgọ́fà owó ẹyọ (120) ni wọ́n ń tà á, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde. Ọ̀rọ̀ ìjọ ló kún inú ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òwú náà wà níbẹ̀. Ó sì yẹ kó wà níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ òwú ò jìnnà sí ọkàn àwọn ará Ẹ̀gbá nígbà yẹn. Ẹni tí kò fẹ́ ka ọ̀rọ̀ àlùfáà á ka ti òwú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí a jókòó sọ̀rọ̀ ẹ̀ dáadáa ni Isaac Babalọlá Thomas. Èkó, 1929. Ó ní ìwé ìròyìn kan, Akéde Èkó. Ẹ má fojú ilé iṣẹ́ ńlá wò ó o. Òun ni olóòtú, òun ni òǹkọ̀wé, òun ló ń sá kiri. Oníṣòwò kékeré ni bíi tiwa. Ìwé ìròyìn bíi tiẹ̀ pọ̀ l'Ékòó nígbà yẹn, gbogbo wọn ló ń bá ara wọn du òǹkàwé. Kí ni kó kọ tí àwọn èèyàn á fi máa ra tiẹ̀?

Ní oṣù Keje ọdún yẹn, lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn náà. Arábìnrin àgbà kan ló kọ ọ́, tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó rẹwà nígbà èwe, ó ti fẹ́ ọkùnrin kiri ìlú Èkó, àìsàn ti wá dá a gúnlẹ̀ báyìí, ó sì fẹ́ jẹ́wọ́ ìgbésí ayé ẹ̀ kó tó kú. Lẹ́tà mìíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Títí di oṣù Kẹta ọdún 1930.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Èkó gbóná! Àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà wá sí ìwé ìròyìn náà lórí ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá. Àwọn kan ń káàánú ẹ̀, àwọn kan ń fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Thomas fúnra ẹ̀ ló ń kọ gbogbo ẹ̀. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan níbì kankan. Lọ́dún 1930 náà ló kó àwọn lẹ́tà yẹn jọ sínú ìwé kan, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé ìyẹn ni ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Níbo ló ti rí i? Kò lọ jìnnà. Òpópónà Èkó, orúkọ àdúgbò Èkó, orin táwọn ará Èkó mọ̀, òfófó tí wọ́n ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí àwọn òǹkàwé ẹ̀ ti ń sọ láàárín ara wọn ló kó jọ, tó fi ohùn obìnrin kan sọ fún wọn padà. Ó tún mọ bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀rọ̀ dúró níbi tó ti dùn, kí èèyàn lè padà wá ra ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo ẹ̀yin tó ń kọ "apá kejì lọ́la," bàbá yín nìyẹn.

Ibì kan wà ṣá tí èmi ò bá Thomas dé. Ó jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà pé òótọ́ ni. Nínú ìtàn àròsọ, ó lè dùn. Nínú ọ̀rọ̀ ọjà, kò dáa. Mo ti rí àwọn tó máa ń fi fóònù méjì bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n á ya àwòrán ẹ̀, tí wọ́n á ní "ẹ wo ohun tí kọ́sítọ́mà wa sọ." Wọ́n ti bẹ̀ mí pé kí n kọ irú ẹ̀ rí. Mo ní rárá. Ẹni tó bá fi ìpara bójú torí ẹ̀rí èké, ojú ẹ̀ ló máa wú, kì í ṣe ojú Sẹ̀gilọlá.

Ẹni tó kẹ́yìn ló jẹ́ ti ayé íntánẹ́ẹ̀tì gan-an. Ó wà láàyè, ẹ lè wá a. Marcus Sheridan, Virginia, Amẹ́ríkà. Òun àti àwọn méjì kan dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2001, wọ́n ń ri odò ìwẹ̀ sẹ́yìn ilé àwọn èèyàn. Ní 2008, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé. Ẹ rò ó wò: nígbà tí ilé fẹ́ bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ta ló máa gbẹ́ odò ìwẹ̀? Àwọn tó ti san àsansílẹ̀ ń gba owó wọn padà. Ilé iṣẹ́ náà fẹ́ kógbá sílé.

Kò sówó ìpolówó mọ́. Ní 2009, ó jókòó, ó kọ gbogbo ìbéèrè tí àwọn kọ́sítọ́mà ti bi í rí láti ọdún yìí wá. Ó wá ń dáhùn wọn lórí blog wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó ṣe kò ju ìyẹn lọ.

Ìbéèrè wo ló kọ́kọ́ mú? Èló ni?

Gbogbo àwọn tó ń ta odò ìwẹ̀ nígbà yẹn, kò sí ẹni tó ń sọ iye. "Ó wà lọ́wọ́ bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ." "Ẹ pè wá." Ó kọ ọ́ gbangba pé ó wà lọ́wọ́ bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti iye báyìí sí iye báyìí ni, ohun tó ń gbé e sókè rèé, ohun tó ń já a wálẹ̀ rèé. Nígbà tí New York Times kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 2013, ó sọ fún wọn pé ọjà tí àròkọ kan ṣoṣo yẹn ti mú wá lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Wọn ò kógbá sílé mọ́.

Ẹ̀yin ẹ-wọ-DM-fún-iye, ọ̀rọ̀ yín la dé yìí. 😭

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ń ta irú ọjà mi á rí iye mi, á sì já tiẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Kọ́sítọ́mà á sá. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn ká ná ọjà. Èyí tó lágbára jù nínú ẹ̀: dọ́là ò dúró sójú kan, iye tí mo kọ lónìí lè má wúlò ní Jímọ̀.

Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Virginia kọ́ ni a wà. Mi ò ní sọ fún ẹni tó ń ra àwọ̀ aró ní iye tó yí padà lẹ́ẹ̀mejì lóṣù pé kó lẹ iye mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ohun tí Sheridan kọ. Kì í ṣe iye kan. Ó kọ ohun tó ń mú kí iye yàtọ̀. Ìyẹn kì í yí padà tí dọ́là bá yí padà. Ẹni tó bá sì ti mọ ìdí tí nǹkan fi wọ́n, kì í náà bí ẹni tí kò mọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti fẹ́ ra nǹkan, tí ẹ rí "ẹ wọ DM", tí ẹ kàn rọra fi ìka ti ojú ewé yẹn lọ sókè? Ẹ ò bínú. Ẹ kàn lọ ni. Ẹni tó ń tà á ò sì ní mọ̀ láé pé ẹ wá.

Bí mo ṣe lò ó nìyí. Mo lọ jókòó ti Mọ̀mí alàdìrẹ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní fóònù wọn, kí n ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí kọ́sítọ́mà ti kọ sí wọn lórí WhatsApp láti oṣù mẹ́fà. Wọ́n ní, "Ṣé kò sí àṣírí mi níbẹ̀ ṣá?" A jọ rẹ́rìn-ín. Mo kọ àwọn ìbéèrè náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan, èyí tó bá tún wáyé, mo fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ìlà kún ẹ̀gbẹ́ "ṣé kì í ṣí?" Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọ̀ ẹ̀ á ṣí tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Ó wáyé débi pé ó sú mi láti máa fa ìlà. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti ń gbé síta látọjọ́ yìí, kò sí ìkan tó dá wọn lóhùn! Èyí tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ iye: kí ló dé tí èyí fi wọ́n ju èyí, ṣebí àdìrẹ náà ni gbogbo wọn?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìbéèrè yẹn nìkan. Èyí tí a ń pè ní oníko, ìko ni wọ́n fi ń so aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Alábẹ́rẹ́, wọ́n máa ń rán an, wọ́n á sì tú òwú yẹn padà lẹ́yìn tí wọ́n bá rẹ ẹ́ tán. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ tí wọ́n fi pákí ṣe ya àwòrán sára aṣọ, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń yà á, díẹ̀díẹ̀, kí aró má bàa wọ ibẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe tó kún ọjà báyìí, kámpálà ni àwọn ìyá ń pè é. Ẹni tó bá mọ iye ọjọ́ tí obìnrin kan fi tẹ̀ ba láti fi ìyẹ́ ya òpó Mápó sára Ìbàdàndùn, kò ní sọ pé kí wọ́n fún òun ní iye kámpálà.

Post mẹ́rin la rí nínú ìbéèrè kan yẹn. Mọ̀mí sọ̀rọ̀, mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo kàn gé ibi tí wọ́n ti ń bú ẹni tó ń ta kámpálà ní ìso kejì kúrò ni. Àwọn tó ń kọ̀wé wá báyìí ti ń dárúkọ irú èyí tí wọ́n fẹ́. Mọ̀mí ní wọn ò jẹ́ kí òun sinmi mọ́, wọ́n ti di olùkọ́ níbi tí wọ́n ti ń tajà. Wọn ò tíì tún bi mí pé ta ló torí post ra aṣọ.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà ò tíì kún. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan láti Manchester béèrè pé òun jogún àdìrẹ ìyá òun, ó ti pẹ́ nínú àpótí, ó ti ń rùn, báwo lòun ṣe lè fọ̀ ọ́ tí kò ní ya? Mọ̀mí ní àwọn ò mọ ti aṣọ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, pé ìyá àgbà kan wà ní Ìtokú tó lè mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Jímọ̀ la fẹ́ lọ bá wọn.